Ẹ́ńjìnnì wo gan-an ló wà nínú Hilux yìí?

Ẹ lọ bá ẹni tó ní Hilux àtijọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba ti lò gbó kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo, kí ẹ bi í pé ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú ẹ̀. Kíá ló máa dá yín lóhùn. Ẹ wá bi mẹkáníìkì ẹ̀, òun náà ò ní rò ó kó tó sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n máa sọ lè má bára mu rárá. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Mo ra píkọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá kan n'Ìbàdàn níbí lẹ́yìn tí bàbá ọ̀hún ti jáde láyé, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo fi ń kó gaàrí àti ẹ̀gẹ́ láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn wá sí Bódìjà, dísù ló ń mu, ó sì lágbára ju bí ojú ẹ̀ ṣe rí lọ. Àwọn ọmọ bàbá ní 2L ni, wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti ń bá bàbá tún un ṣe tipẹ́ ní "three litre" ni, ó tún fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan ní ẹ́ńjìnnì Hiace ni, ó ní òun ti tú irú ẹ̀ nínú Hiace rí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn o, oníkálukú ló ní ohun tó rí tó fi sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń lọ geere ni, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ẹ́ńjìnnì ṣe? Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń hó omi dànù, tí ọ̀gá ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín blọ́ọ̀kù (irin ńlá ìsàlẹ̀ tí ihò sílíńdà wà) àti tọ́ọ̀pù (irin tó dé e lórí), ti lọ, tó ní kí n mú owó wá kí òun rán ọmọ lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọkọ̀, lọ ra òmíràn. Mo ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti èwo nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí a dúró ná, torí ọ̀kan náà kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí Toyota ṣe ń sọ ẹ́ńjìnnì àwọn àtijọ́ wọ̀nyẹn lórúkọ, lẹ́tà ni orúkọ ìdílé, nọ́ńbà tó ṣáájú ẹ̀ ni ipò ẹ̀ nínú ìdílé yẹn. R ni ìdílé kan, Y ni òmíràn, L jẹ́ ti dísù, RZ tún wá lẹ́yìn wọn. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe lítà rárá. Ẹni tó bá rí 3L tó ń pè é ní three litre, ó ti kó ara ẹ̀ sí wàhálà nìyẹn, torí 2779 cc ni 3L (ẹgbẹ̀rún kan cc ni lítà kan), lítà méjì àtààbọ̀ àti díẹ̀ lórí ẹ̀. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà mẹ́ta nínú ìdílé yẹn ni 5L, 2986 cc. 2L wá jẹ́ 2446 cc. Sílíńdà mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń yí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde), tí ẹ bá dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń wo wọn látòkè, ẹ ò lè dá wọn mọ̀, àgàgà tí wọ́n bá ti fi ọ́ìlì àti eruku pupa wọṣọ. Inú lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀ táápẹ́ẹ̀tì kọ́bà (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì), ni ìyàtọ̀ wà: ihò sílíńdà 2L fẹ̀ tó mílímítà 92, ti 3L jẹ́ 96, ti 5L jẹ́ 99.5. Ẹ wá lọ fi gásíkẹ́ẹ̀tì 2L sórí 3L, òrùka irin tó yí ihò gásíkẹ́ẹ̀tì ká á yọ imú sínú sílíńdà, iná á máa jó o, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ fi ti 5L sórí 3L, àyè á ṣẹ́ kù láàárín etí sílíńdà àti òrùka náà, ìyẹn náà ò dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́nikẹ́ni má lọ sí Gate ná.

Ibi tí mo kọ́kọ́ wò ni pélétì irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí dírẹ́bà ń jókòó. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ayé ọjọ́un, ẹ máa rí i níbẹ̀, ẹ kàn máa nù ún ni. Wọ́n kọ módẹ́ẹ̀lì sí i, wọ́n kọ ẹ́ńjìnnì àti cc ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà ṣáńsì, àwọ̀ ọkọ̀ àti irú gíà tó ní. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ módẹ́ẹ̀lì náà ń sọ̀rọ̀ o: RN, ìdílé R ni wọ́n fi kọ́ ọ, YN, ìdílé Y, LN, dísù ìdílé L, RZN, ìdílé RZ. Àwọn tó tún wá lẹ́yìn ni TGN fún TR àti KUN fún KD. Ara tèmi, LN ni, níwájú ibi tí wọ́n kọ ẹ́ńjìnnì sí, 2L 2446 CC. Ìwé ọkọ̀ náà sì sọ bákan náà. Àwọn ọmọ bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé a ti rí i báyìí.

Àmọ́ kí ni pélétì mọ̀? Ó mọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi bí ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́. Kò mọ èyí tí wọ́n gbé wọ inú ẹ̀ lẹ́yìn náà, ní Nàìjíríà wa níbí tí ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù (àlòkù tó ti òkè òkun wá) pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó bí ilẹ̀ bí ẹní, tí èèyàn lè gbé ọkọ̀ lọ láàárọ̀ kó sì fi ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn wá sílé lálẹ́. Táápẹ́ẹ̀tì kọ́bà náà ò ṣeé gbà gbọ́, sitíkà tó wà lórí ẹ̀ ò ṣeé gbà gbọ́, ọwọ́ èèyàn méjì ló ń gbé kọ́bà kúrò lórí ẹ́ńjìnnì kan lọ sórí òmíràn. Irin tó ṣòro láti parọ́ ni blọ́ọ̀kù.

Torí náà la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ blọ́ọ̀kù. Iná fóònù, kẹrosíìnì nínú agolo, bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọṣọ àti omi. Ìdọ̀tí ara ẹ̀ nípọn bí èèpá ìdí ìkòkò àmàlà, ńṣe la ń fi igi họ ọ́ kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fi wáyà bùrọ́ọ̀ṣì ha á o, ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ níwájú. Nǹkan méjì là ń wá. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà ńlá tó yọ jáde lára irin, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ blọ́ọ̀kù láti ìgbà tí irin ẹ̀ ṣì ń yọ́, ìyẹn ò ṣeé pa rẹ́ àfi tí wọ́n bá gé irin náà. Èkejì ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, wọ́n máa ń fá ibì kékeré kan dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ blọ́ọ̀kù, wọ́n á wá tẹ nọ́ńbà náà wọ irin ibẹ̀. Lára Toyota àtijọ́, orúkọ ẹ́ńjìnnì ló máa ń ṣáájú kí àwọn nọ́ńbà tó ó tẹ̀ lé e.

Àpá kan la kọ́kọ́ rí, a ò mọ̀ bóyá 2 ni tàbí 3. Fóònù ni mo nà sísàlẹ̀ láàárín páìpù, mo ya fọ́tò, mo fẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń ṣe bàìbàì. Mo bá mú ṣọ́ọ̀kì, mo fi pa ojú ibi tí wọ́n fá dán yẹn dáadáa, mo wá fi ìka nù ún díẹ̀díẹ̀. Funfun ojú ẹ̀ kúrò, èyí tó wà nínú kòtò nọ́ńbà dúró. 3L ló jáde gedegbe, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, kò sì sí ọ̀kan nínú nọ́ńbà náà tó bá ti inú ìwé mu. Ariwo ta ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní ṣebí òun ti sọ pé three litre ni, mo ní ọ̀gá, ẹ gbà á lẹ́tà, ẹ má gbà á ní lítà. Ìgbà tí wọ́n wá dírẹ́bà bàbá kàn ló jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti kan lójú ọ̀nà, bàbá lọ sí Ládípọ̀ lọ gbé háàfù ẹ́ńjìnnì wá, wọ́n sì kó àwọn nǹkan tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ lé e lórí. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo òkè ẹ̀ jọ 2L. Àwọn ọmọ ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí.

Háàfù ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ló yẹ kí ẹ fura sí. Kìkì blọ́ọ̀kù, písítìnnì tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà àti kíráńkì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítìnnì ń yí, ni wọ́n ń tà lórúkọ yẹn, tọ́ọ̀pù sílíńdà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Torí náà orúkọ tó wà lára blọ́ọ̀kù ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀, kò sọ tòkè. Bí àpẹẹrẹ, 2L ti ìṣáájú, rọ́kà áàmù, irin kékeré tó wà láàárín káàmù àti fáàfù, ló fi ń ti fáàfù. 2L-II tó wá lẹ́yìn ẹ̀, káàmù ló ń tẹ táápẹ́ẹ̀tì ní tààrà láìsí rọ́kà. Ẹ ṣí kọ́bà, ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀. Tí ẹni tó tà á bá ní 2L lásán, ẹ bi í pé 2L wo.

Nígbà tí a wá gbé tọ́ọ̀pù kúrò, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ká lè mọ̀ dájú. Fẹ́níà (irin tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan) ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, a lọ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lééṣì ní òdìkejì títì. A wọn fífẹ̀ ihò, 96 àti díẹ̀, torí ó ti jẹ díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ríǹgì kì í dé, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lókè, jíjẹ ẹ̀ á tàn yín. Kódà tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀ ọ́ rí, ìdajì mílímítà tàbí mílímítà kan ni wọ́n máa ń fẹ̀ ẹ́, kò lè mú 96 dé 99.5. A yí kíráńkì, a wọn ibi tí písítìnnì ti gòkè dé ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé, 96 náà ni. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn fún ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin: ẹ fi sẹ̀ńtímítà kà á, fífẹ̀ lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gígùn lọ́nà 3.14. 9.6 lọ́nà 9.6 lọ́nà 9.6, ẹ wá fi 3.14 ná an, 2778 ló máa fún yín. 2779 ló wà nínú ìwé Toyota. Ọmọṣẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì Hiace ni ló bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, inú ẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Òun náà ò sì jẹ̀bi o, Toyota fi ẹ́ńjìnnì ìdílé L yìí sínú Hiace náà.

Ẹnì kan á ní ṣé dandan ni kéèyàn tú tọ́ọ̀pù kó tó wọn ẹ́ńjìnnì ni. Fún bẹntiróò, rárá. Ẹ tú plọ́ọ̀gì, ẹ fi gíà sí nútírà, ẹ fi ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ kó fara kan písítìnnì, kí ẹnì kan máa fi sípánà yí kíráńkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ sàmì sí i nígbà tó bá gòkè pátápátá àti nígbà tó bá wálẹ̀ pátápátá, ẹ fi rúlà wọn àárín àmì méjèèjì. Èyí wúlò gan-an fún àwọn tó bá ní 2RZ-FE tàbí 3RZ-FE, nítorí méjèèjì ní káàmù méjì lókè, plọ́ọ̀gì wọn wà láàárín kọ́bà, ó sì dojú kọ ìsàlẹ̀ gbọọrọ, fífẹ̀ ihò wọn sì jẹ́ 95 kan náà. Gígùn nìkan ló yà wọ́n: 86 fún 2RZ, 95 fún 3RZ. Mílímítà mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tí kò ní rí ìyẹn lórí rúlà. Ẹ́ńjìnnì TR tó wá lẹ́yìn wọn náà ṣeé wọ̀n bẹ́ẹ̀, 86 ni 1TR, 95 ni 2TR. Ẹ má lo irin o, tó bá há tàbí tó ha ògiri sílíńdà ẹ̀yin náà lẹ mọ̀. Ibi tí plọ́ọ̀gì bá ti dagun, irú 22R, ọ̀pá náà á dagun, nọ́ńbà tó máa fún yín ò ní pé.

Dísù ìdílé L wá kọ́, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ yọ nọ́súlù, ẹ yọ hítà plọ́ọ̀gì, ihò kékeré kan ni ẹ máa bá tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ jó epo kí iná ẹ̀ tó ya wọ orí písítìnnì, ọ̀nà ẹ̀ wọ́ kọrọkọrọ, ọ̀pá ò lè gba ibẹ̀. Mo rí ẹni tó ń fi wáyà yí i kiri níbẹ̀ tó ń sọ pé òun ti kan písítìnnì. Kò kan nǹkan kan. Àfi blọ́ọ̀kù, tàbí kí ẹ tú tọ́ọ̀pù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Ìwé ọkọ̀ wa níbí, nọ́ńbà ṣáńsì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló wà nínú ẹ̀. Ọlọ́páà tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rí i pé nọ́ńbà ò bára mu, ẹ ò ní ríbi gbé ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi wáyà bùrọ́ọ̀ṣì ha nọ́ńbà nìyẹn, irin tí wọ́n ti ha dà bíi pé ẹnì kan fẹ́ pa nǹkan rẹ́. Àwọn olè náà ló máa ń fi gíráíńdà fá nọ́ńbà kí wọ́n tó tẹ òmíràn sí i: ẹ wo bóyá ojú irin náà lọ kòtò, bóyá nọ́ńbà kan ga ju èkejì, bóyá ìlà gíráíńdà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ bá tiyín lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Tèmi ò ní irú ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ tò gẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ bàbá bá mi wá rìsíìtì Ládípọ̀ rí nínú àpótí bàbá, ọpẹ́ ni, àwọn àgbà máa ń tọ́jú ìwé. Òun la fi bẹ̀rẹ̀, a gba àfídáfíìtì ní kóòtù kó tó di pé wọ́n yí nọ́ńbà ìwé fún wa.

Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí wá wo ọkọ̀ àwọn èèyàn, bí ẹni pé mo kàwé ẹ́ńjìnnì. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa tó ní píkọ́ọ̀pù 22R. Tiẹ̀ ò ní àríyànjiyàn rárá: pélétì ní 22R 2366 CC, nọ́ńbà ara blọ́ọ̀kù ní 22R, kábúrétọ̀ ló wà lórí ẹ̀, torí náà kì í ṣe 22R-E tó ń lo nọ́súlù, dísíríbútọ̀ wà níwájú lókè lára tọ́ọ̀pù bó ṣe yẹ, kò sí nísàlẹ̀ lára blọ́ọ̀kù bíi ti ìdílé Y. Táímìn ṣéènì ẹ̀, ìyẹn ṣéènì tó ń yí káàmù, ń pariwo wara-wara ní àárọ̀, ó lọ ra odindi sẹ́ẹ̀tì, ṣéènì, gíà àti gáìdì tó ń mú ṣéènì dúró lójú ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n tú iwájú ẹ́ńjìnnì, tuntun ò jọ ti àtijọ́. Èyí tó rà ní ìlà méjì, èyí tí wọ́n tú ní ìlà kan ṣoṣo. Ó pè mí, ó ní "ìwọ lo sọ pé 22R ni."

22R náà ni. Ọdún 1985 ni Toyota yí i padà láìyí orúkọ ẹ̀: wọ́n rẹ blọ́ọ̀kù ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n yí písítìnnì àti tọ́ọ̀pù, ṣáájú ìyẹn, ní nǹkan bí 1983, ṣéènì onílà méjì ti di onílà kan pẹ̀lú gáìdì oníke. Gáìdì oníke yẹn gan-an ló máa ń fọ́, tí ṣéènì á wá máa họ kọ́bà iwájú, ariwo tí bọ̀ọ̀dá ń gbọ́ láàárọ̀ nìyẹn. Nítorí náà tí ẹ bá lọ ra nǹkan inú 22R, 22R nìkan ò tó lẹ́nu, ẹ sọ bóyá ti ṣáájú '83 ni, ti àárín '83 sí '85, tàbí ti ẹ̀yìn '85. Ẹ tún kíyè sí i pé ṣéènì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí o, torí àwọn kan máa ń ra sẹ́ẹ̀tì tó ń sọ onílà kan di onílà méjì torí pé ó lágbára jù, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn '83 lè ní onílà méjì nínú. Mo ní kí bọ̀ọ̀dá kó ti àtijọ́ àti tuntun sínú àpò kan náà, ká lọ bá ọlọ́jà. Ọlọ́jà kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ọjà tí wọ́n ti já lọ́ràá òun kì í gbà á padà. A fi hàn án pé ọ́ìlì ò tíì kàn án. Ó wo ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ gbé onílà kan jáde, ó ní kí bọ̀ọ̀dá fi owó díẹ̀ kún un, torí gáìdì onírin ló wà nínú tòun.